Fáàfù, Sípíríngì àti Kámúṣáàfù: Bí A Ṣe Ń Yan Èyí Tó Lè Gba Eré Ẹ́ńjìnnì Alágbára

Ẹni tó bá ń wá sípíríngì fáàfù fún ẹ́ńjìnnì tó fẹ́ fi sáré á kan ohun tó ń da ọkàn rú. Ó máa rí odindi ọ̀wọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó máa rí òmíràn tó jọ ọ́ bí ìbejì, tí owó rẹ̀ sì fi ìlọ́po púpọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Racing" ni wọ́n kọ sára páálí méjèèjì. Tó bá wá yà sí ọjà Ládiípọ̀ ní Mushin, wọ́n á gbé ẹ̀kẹta síwájú rẹ̀: Belgium ni, tòkunbọ̀ tí wọ́n tú lára ẹ́ńjìnnì tó ti òkè òkun dé, oníṣòwò á sì búra pé irin ìsinsìnyí kò lè dé ibi tí irin yẹn dé. Mẹkáníìkì kan á ní kó ra èyí tó le jù. Òmíràn á ní kó ra titanium, irin fífúyẹ́ yẹn, kó lọ sinmi.

Kò sí ìmọ̀ràn tí kò lè bọ́ sí i nínú wọn, kò sì sí èyí tí kò lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ẹ̀yà fáàfù kì í dára lóun nìkan. Kámúṣáàfù tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, eré tí ẹ́ńjìnnì máa sá, àti ìwúwo ohun tí wọ́n so mọ́ ọn ló ń sọ bóyá ó dára tàbí kò dára. Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, kí ẹni tí kò tíì tú ẹ́ńjìnnì rí náà lè mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi oníṣòwò kó tó sanwó.

Àwọn ẹ̀yà wo là ń sọ, kí sì ni iṣẹ́ wọn?

Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ mí. Ó ń fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, ó ń jó wọn, ó sì ń tú èéfín jáde. Fáàfù ló ń ṣí ojú ihò tí wọ́n ń gbà wọlé àti èyí tí wọ́n ń gbà jáde, òun náà ló ń pa á. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí orí rẹ̀ fẹ̀ pẹrẹsẹ. Kámúṣáàfù ni ọ̀pá gígùn tó ń yí, tó ní gegele lára. Gegele kọ̀ọ̀kan ló ń ti fáàfù kí ó lè ṣí. Sípíríngì ló ń dá fáàfù padà kí ó lè pa.

Àwo kékeré kan wà lórí sípíríngì, retainer ni wọ́n ń pè é. Irin kéékèèké méjì tí wọ́n ń pè ní kólẹ́ẹ̀tì ló há àwo yẹn mọ́ ọrùn fáàfù. Gáìdì ni ihò tí ọ̀pá fáàfù ń gbà lọ, tó ń gbà bọ̀. Ìjókòó fáàfù ni òrùka líle tí orí fáàfù ń jókòó lé nígbà tó bá pa. Síìlì ni kì í jẹ́ kí ọ́ìlì gba ara gáìdì bọ́ sínú sílíńdà, ihò ńlá tí epo ti ń jó. Bí ọkọ̀ bá ń yọ èéfín aláwọ̀ búlúù nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án láàárọ̀, síìlì wà lára ohun tí mẹkáníìkì máa kọ́kọ́ fura sí.

Nínú ẹ́ńjìnnì Honda àti Toyota ayé òde òní, òkè, nínú tọ́ọ̀pù sílíńdà, ni kámúṣáàfù wà, nítòsí fáàfù gan-an. Nínú ẹ́ńjìnnì V8 (onísílíńdà mẹ́jọ) Amẹ́ríkà bíi ti Chevrolet, inú ikùn ẹ́ńjìnnì ló wà nísàlẹ̀. Nítorí náà ó nílò àwọn alárinà mẹ́ta: tápẹ́ẹ̀tì tó jókòó lórí gegele, púṣírọ́ọ̀dù tó gùn lọ sókè, àti rọ́kà tó ń yí ìtì yẹn padà sí ìsàlẹ̀ sórí fáàfù. Gbogbo wọn pọ̀ là ń sọ nínú àlàyé yìí.

Kí ló dé tí eré fi ń yí gbogbo rẹ̀ padà?

Bí kíráńkì, ọ̀pá ńlá ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí agbára ń gbà lọ sí taya, bá yí ẹ̀ẹ̀mejì, kámúṣáàfù á yí ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tí ọwọ́ lára dáṣíbọ́ọ̀dù bá wà ní 6000, ìyẹn pé kíráńkì ń yí ní ìgbà 6000 láàárín ìṣẹ́jú kan, fáàfù kọ̀ọ̀kan ń ṣí, ó sì ń pa, ní ìgbà 3000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn jẹ́ ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Honda S2000 tó jáde ní 1999 ní ẹ́ńjìnnì kan tí wọ́n ń pè ní F20C, tó lè dé 9000. Ìgbà 75 ni fáàfù ibẹ̀ ń ṣí tó ń pa láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Nínú ìgbà kọ̀ọ̀kan yẹn, fáàfù gbọ́dọ̀ gbéra, kó sáré, kó dúró, kó yí padà, kó sáré bọ̀, kó sì jókòó jẹ́ẹ́. Kámúṣáàfù lágbára láti tì í lọ. Ṣùgbọ́n sípíríngì nìkan ló lè dá a padà. Ibẹ̀ ni wàhálà wà, nítorí agbára tí sípíríngì nílò kì í pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú eré. Láti 6000 sí 9000, ìdajì ni eré fi lé sí i. Ṣùgbọ́n agbára tí a nílò láti dá fáàfù kan náà padà lásìkò á di 1.5 lọ́nà 1.5, ìyẹn ìlọ́po 2.25. Sípíríngì tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ láìní ẹ̀sùn ní 6000 lè di aláìlágbára pátápátá ní 7500, kò sì ní í fọhùn kó tó dà ọ́.

Ẹ wo obìnrin méjì tó ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo. Bí èkíní bá ṣe ń gbé ọmọ odó tirẹ̀ sókè ni èkejì ń sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n bá rọra ń gún un, ẹni tó ti rẹ̀ díẹ̀ náà á bá a dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ki eré bọ̀ ọ́, tí ọwọ́ ẹnì kan sì pẹ́ kó tó kúrò nínú odó, ọmọ odó méjèèjì á forí gbárí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fáàfù àti písítìn, irin tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ nísàlẹ̀, ṣe ń lo inú sílíńdà. Písítìn ń bọ̀ sókè, fáàfù gbọ́dọ̀ ti kúrò lọ́nà. Bí agbára sípíríngì kò bá ká a mọ́, fáàfù á léfòó: kò tẹ̀ lé ojú gegele mọ́, ó kàn wà lójú òfuurufú. Nígbà mìíràn, agbára ẹ́ńjìnnì á kàn já wálẹ̀, ìró rẹ̀ á sì yí padà. Nígbà mìíràn, písítìn á kàn án, fáàfù á tẹ̀, orí rẹ̀ sì lè já sínú sílíńdà. Ẹni tó bá rí ẹ́ńjìnnì tí orí fáàfù já sí nínú kò ní í bèèrè ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ lè gé epo bí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ kọjá ààlà rẹ̀, àmọ́ kò lè gba awakọ̀ tó fẹ́ kó sí jíà kẹrin tó wá kó sí jíà kejì. Taya ló ń yí ẹ́ńjìnnì lípá nígbà náà, epo kò ní ẹjọ́ níbẹ̀. Ìṣòro yìí ló ba ẹ̀yà fáàfù ọ̀pọ̀ ọkọ̀ eléré jẹ́ tí wọ́n fi ń dá kámúṣáàfù tuntun lẹ́bi.

Sípíríngì: ibi tí kò yẹ ká ti ṣahun

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yà kan ṣoṣo ni owó lè tó fún, èmi á fi í sí sípíríngì. Òun ni ẹ̀yà tó ń jìyà jù, òun sì ni ayédèrú rẹ̀ rọrùn jù láti ṣe, nítorí ojú lásán kò lè rí ohun tó wà nínú irin.

Ohun àkọ́kọ́: ẹ má gba "ó le gan-an" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Sípíríngì ojúlówó máa ń ní nọ́ńbà mẹ́rin tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò ní í fi pamọ́. Èkíní ni gíga rẹ̀ nígbà tó bá wà lórí ẹ́ńjìnnì tí fáàfù sì pa. Èkejì ni agbára tó fi ń ti fáàfù ní gíga yẹn. Ẹ̀kẹta ni agbára rẹ̀ nígbà tí fáàfù bá ṣí dé òpin. Ẹ̀kẹrin ni gíga tí àwọn ìká rẹ̀ máa fara kanra, tí kò ní í lè súnkì mọ́. Bí oníṣòwò kò bá lè sọ mẹ́rin yìí, tí kò sì sí ìwé kankan tó kọ wọ́n, sípíríngì yẹn lè rẹwà, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ wò ó. Gíga sípíríngì lórí ẹ́ńjìnnì Chevrolet LS, ọ̀kan lára àwọn V8 yẹn, sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 45.7. Ká ní kámúṣáàfù tuntun ń ṣí fáàfù ní mílímítà 14. Gíga sípíríngì á kù sí 31.7 nígbà tí fáàfù bá ṣí tán. Bí ìká rẹ̀ bá máa ń fara kanra ní 30, àlàfo tó ṣẹ́kù jẹ́ 1.7. Ó dára, nítorí nǹkan bíi mílímítà 1.5 ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ẹ́ńjìnnì máa ń fi sílẹ̀. Bí wọ́n bá wá fi kámúṣáàfù tó ń ṣí fáàfù ní mílímítà 16 sí orí sípíríngì kan náà, ìṣirò náà kò ṣeé ṣe mọ́. Sípíríngì á di irin gbọingbọin kí fáàfù tó ṣí tán, nǹkan kan gbọ́dọ̀ ṣẹ́: púṣírọ́ọ̀dù, rọ́kà, tàbí gegele kámúṣáàfù fúnra rẹ̀. Nítorí èyí ni ó fi jẹ́ ewu láti ra kámúṣáàfù ńlá kí a sì fi sípíríngì àtijọ́ sílẹ̀.

Ṣé kí a wá ra èyí tó le jù lọ láti fi bo àṣírí? Rárá o. Sípíríngì tó le ju bó ti yẹ lọ ń jẹ gegele, ó ń jẹ tápẹ́ẹ̀tì, ó ń gbóná, ó sì ń gba lára agbára tó yẹ kó lọ sí taya. Ohun tí ẹ ń wá ni agbára tó tó, pẹ̀lú ìwọ̀n díẹ̀ lórí rẹ̀.

Sípíríngì tún ní ìṣòro kan tí kò hàn sí ojú. Gbogbo sípíríngì ló ní ìwọ̀n eré kan tó jẹ́ pé, bí wọ́n bá ń lù ú ní ìwọ̀n yẹn, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fúnra rẹ̀, ìgbì á máa lọ láti ìká kan sí ìkejì. Nígbà tí ìgbì yẹn bá wà nínú rẹ̀, agbára tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣèlérí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń fi sípíríngì kékeré sínú ńlá, kí gbígbọ̀n èkíní má bàa bá ti èkejì mu. Àwọn mìíràn lo irin pẹlẹbẹ kan tó ń fi ara ra ìká rẹ̀ nínú láti pa ìgbì náà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún ọkọ̀ tí wọ́n ń wà lójú pópó ni èyí tí orí rẹ̀ tín-ín-rín ju ìdí rẹ̀ lọ. Àwọn ìká rẹ̀ kò dọ́gba, nítorí náà ó ṣòro kí wọ́n gbọ̀n pọ̀, àwo tó dé e lórí á sì kéré, á fúyẹ́. Ẹ́ńjìnnì LS ti Chevrolet láti ilé iṣẹ́ ń lo irú rẹ̀.

Níkẹyìn lórí èyí, ìwà mímọ́ irin. Èérí tín-ín-ń-tín tó há sínú okùn irin nígbà tí wọ́n ń yọ́ ọ ni ibi tí sípíríngì máa ti ṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Àwọn ilé iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ wọn ń ra okùn irin tí wọ́n fi kírómíọ́mù àti sílíkọ́nù pò, tí wọ́n sì yọ́ ní ọ̀nà tí èérí kò fi ní í pọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ọta irin kéékèèké lu ara rẹ̀ káàkiri, kí ìlà ìṣẹ́ má bàa rí ibi bẹ̀rẹ̀. Owó tó wà láàárín sípíríngì olówó pọ́ọ́kú àti ojúlówó, ibí yìí ni púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ.

Ní ti sípíríngì Belgium, èmi kò ní í fi sí ẹ́ńjìnnì eléré láéláé. Sípíríngì ń pàdánù agbára bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò mọ iye ìgbà tí èyí tó wà lọ́wọ́ oníṣòwò ti súnkì rí. Tuntun pàápàá á pàdánù díẹ̀ lẹ́yìn tó bá kọ́kọ́ gbóná; ìdí nìyí tí àwọn tó ń sáré fi máa ń tún un wọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tan ẹ́ńjìnnì fún ìgbà díẹ̀.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti sá fún sípíríngì pátápátá. Ducati, ilé iṣẹ́ alùpùpù Ítálì, ń lo rọ́kà kan láti ṣí fáàfù àti òmíràn láti pa á nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Fabio Taglioni ló gbé e wọ ọkọ̀ ìdíje wọn ní 1956. Renault fi afẹ́fẹ́ inú ihò kékeré rọ́pò sípíríngì nínú ẹ́ńjìnnì Formula 1 ní 1986, ọ̀nà yẹn ló sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì Formula 1 lè dé 20,000 ní 2006. Sípíríngì onírin kò lè bá wọn débẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí èmi àti ẹ̀yin lè rà kò nílò rẹ̀.

Irin wo ló yẹ kí fáàfù jẹ́?

Fáàfù tí afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà wọlé kì í gbóná bí ẹnìkejì rẹ̀, nítorí ohun tútù ló ń kọjá lára rẹ̀. Fáàfù èéfín ló wà nínú iná. Orí rẹ̀ lè pọ́n dòdò bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ooru rẹ̀ ń gba ọ̀nà méjì jáde: èyí tó pọ̀ jù gba ojú ìjókòó fáàfù nígbà tó bá pa, ìyókù gba ọ̀pá rẹ̀ lọ sínú gáìdì. Ẹ rántí ọ̀nà méjì yìí, a máa padà sí i.

Fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí agbára rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, irin aláìdípẹtà tí wọ́n ń pè ní 21-4N tó. Nọ́ńbà yẹn ń sọ pé nǹkan bíi 21 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ kírómíọ́mù, 4 jẹ́ níkẹ́ẹ̀lì. Bí tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fi ipá ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì, bá wà níbẹ̀, tí ooru èéfín sì pọ̀, Inconel ni àwọn oníṣẹ́ máa ń yàn fún fáàfù èéfín. Níkẹ́ẹ̀lì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í sì í rọ̀ nínú iná. Ó wúwo, ó wọ́n, kò sì sí ìdí kankan láti fi í sí ọ̀nà àbáwọlé.

Titanium ni orúkọ tí gbogbo ènìyàn fẹ́ gbọ́. Ìwúwo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ti irin lọ. Níwọ̀n bí agbára tí sípíríngì nílò ti ń tẹ̀ lé ìwúwo, fáàfù tó fúyẹ́ ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kan náà lè sáré sí i pẹ̀lú sípíríngì kan náà. Àǹfààní gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n titanium kì í fẹ́ kí irin máa ha òun lára. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi nǹkan líle bo ọ̀pá rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ dáàbò bo ìdí rẹ̀ níbi tí rọ́kà ti ń tẹ̀ ẹ́, ìjókòó tó máa jókòó lé sì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó bá a mu. Ẹni tó ra fáàfù titanium tó sì fi í sórí ìjókòó àtijọ́ kàn ń sanwó láti ba ohun tó dára jẹ́ ni.

Irú kẹrin ni fáàfù tí inú ọ̀pá rẹ̀ ṣófo, tí wọ́n fi sódíọ́mù sí nínú. Sódíọ́mù ń yọ́ ní nǹkan bíi 98 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò tiẹ̀ dé ibi tí omi ti ń hó. Bí fáàfù ṣe ń fò lọ fò bọ̀, sódíọ́mù yíyọ́ yẹn ń gbé ooru láti orí lọ sí ọ̀pá. Inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú ló ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1920, Samuel Heron sì wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ohun tó ṣeé lò.

Ẹ́ńjìnnì LS7 tó wà nínú Corvette Z06, ọkọ̀ eléré Chevrolet, láti 2006 dé 2013 ló fi hàn jù lọ pé orúkọ irin nìkan kò tó. Lítà 7.0 ni, ó ń dé 7000, wọ́n sì fi fáàfù titanium tó fẹ̀ ní mílímítà 56 sí ọ̀nà àbáwọlé àti fáàfù oní-sódíọ́mù sí ọ̀nà èéfín. Kò sí ohun tó dára ju ìyẹn lọ lórí ìwé. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ́tò rí i pé gáìdì ń jẹ kíákíá. Nígbà tí gáìdì bá jẹ, fáàfù á máa mì, kò ní í jókòó déédéé, ooru kò ní í rí ọ̀nà méjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan gbà jáde mọ́, ọrùn fáàfù á máa tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún títí orí rẹ̀ á fi já. Ìtọ́jú tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń ṣe fún un ni kí wọ́n fi gáìdì bàbà síbẹ̀, kí wọ́n rẹ́ ìjókòó rẹ̀ kí ó bá gáìdì dọ́gba, kí wọ́n sì fi fáàfù irin tí inú rẹ̀ kò ṣófo rọ́pò ti èéfín. Fáàfù tó wúwo jù, tí owó rẹ̀ kéré jù, ló bá wọn lára mu. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ṣírò owó fáàfù, ẹ ṣírò owó gáìdì àti ti ilé iṣẹ́ tó máa rẹ́ ìjókòó pọ̀ mọ́ ọn. Fáàfù ojúlówó nínú gáìdì tó ti jẹ, owó gbé ni.

Ṣé ohun kékeré bíi retainer àti kólẹ́ẹ̀tì ṣe pàtàkì?

Àwọn nìkan ló so fáàfù mọ́ sípíríngì. Bí wọ́n bá já, fáàfù bọ́ sínú sílíńdà nìyẹn.

S2000 tí mo dárúkọ lókè fi èyí hàn. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde ní retainer fífúyẹ́, tó tó fún 9000. Àmọ́ bí awakọ̀ bá ṣì jíà mú tí ẹ́ńjìnnì sì kọjá ibẹ̀, retainer lè sán, ìlà á hàn lára rẹ̀, ọkọ̀ á sì ṣì máa rìn bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ó lè já lọ́jọ́ mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò sáré rárá. Ọ̀pọ̀ onímọ́tò ló ti fi èyí tó wà nínú S2000 tó jáde láti 2004 rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú kólẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra irú ọkọ̀ yìí ní tòkunbọ̀, ẹ ní kí mẹkáníìkì ṣí ìdérí òkè, kó fi iná wo retainer lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ tún ṣọ́ra fún igun. Kólẹ́ẹ̀tì kan wà tí igun rẹ̀ jẹ́ dígírì 7, òmíràn jẹ́ dígírì 10. Wọ́n lè wọ inú retainer tí kì í ṣe tiwọn, ojú kò sì ní í tètè rí i, ṣùgbọ́n wọn kò ní í dì í mú. Ẹ rà á pọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan. Fún ọkọ̀ ojú pópó, retainer onírin líle ni mo fara mọ́. Ti titanium fúyẹ́ jù ú lọ, ó sì yẹ ẹni tó ń tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò déédéé, nítorí sípíríngì máa ń ha á.

Rọ́kà, púṣírọ́ọ̀dù àti tápẹ́ẹ̀tì

Apá yìí kan àwọn tó ní V8 Amẹ́ríkà jù. Rọ́kà kì í kàn gbé ìtì lọ, ó ń sọ ọ́ di púpọ̀. Ti ọ̀pọ̀ LS jẹ́ ìlọ́po 1.7: bí gegele bá ti tápẹ́ẹ̀tì ní mílímítà 8, fáàfù á ṣí ní 13.6. Nítorí èyí, gíráàmù kan lápá fáàfù ń ni ẹ̀yà lára tó gíráàmù mẹ́ta, bó bá kù díẹ̀, lápá tápẹ́ẹ̀tì. Ibi tó yẹ ká ti wá ìfúyẹ́ ni fáàfù àti retainer. Lápá ìsàlẹ̀, agídí irin ló ṣe pàtàkì. Púṣírọ́ọ̀dù tó nípọn, tó wúwo díẹ̀, tí kì í tẹ̀, sàn ju tẹ́ẹ́rẹ́ tó fúyẹ́ lọ, nítorí púṣírọ́ọ̀dù tó ń tẹ̀ tó tún ń nà ni ó máa ń ju fáàfù kúrò lójú gegele. Gígùn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n wọ̀n lórí ẹ́ńjìnnì yẹn gan-an lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rẹ́ tọ́ọ̀pù sílíńdà tàbí yí kámúṣáàfù padà.

Tápẹ́ẹ̀tì tó ní táyà kékeré nísàlẹ̀ ń yí lórí gegele. Èyí tí ìdí rẹ̀ pẹrẹsẹ ń ha á. Èyí tó pẹrẹsẹ yìí ló ti ba ọ̀pọ̀ kámúṣáàfù tuntun jẹ́ láàárín wákàtí àkọ́kọ́. Ìdí kan ni pé àwọn ohun tó ní síńkì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó ń dáàbò bò ó ti dínkù nínú ọ́ìlì ìgbàlódé, nítorí wọ́n ń ba ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́ jẹ́. Ìlànà ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní ILSAC GF-4, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, kò gba kí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ju 0.08 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nítorí náà, ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún títan kámúṣáàfù tuntun ni kí ẹ lò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti tan, ẹ má jẹ́ kó máa kùn jẹ́jẹ́. Ẹ gbé e sí 2000 sí 2500 fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n. Tápẹ́ẹ̀tì pẹrẹsẹ tó ti bá gegele kan ṣiṣẹ́ rí kò gbọ́dọ̀ lọ sórí òmíràn, ì báà jẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì kan náà. Ẹni tó bá ń ta tápẹ́ẹ̀tì pẹrẹsẹ Belgium fún yín pẹ̀lú kámúṣáàfù tuntun ń ta àdánù ni.

Báwo la ṣe lè dá ayédèrú mọ̀?

Òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka gíráàmù á sọ púpọ̀. Ẹ wọn fáàfù mẹ́rìndínlógún lọ́kọ̀ọ̀kan. Irú kan náà láti ilé iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ ní ìyàtọ̀ tó hàn gbangba. Ẹ gbé sípíríngì kalẹ̀ sórí gíláàsì tó tẹ́jú: wọ́n gbọ́dọ̀ ga dọ́gba, wọ́n gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán. Mágínẹ́ẹ̀tì kì í mú orí fáàfù 21-4N, ó kàn lè mú ìdí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti jó irin líle mọ́ ọn. Kì í mú titanium náà, ìwúwo ni ẹ máa fi yà wọ́n sọ́tọ̀: ohun tí wọ́n pè ní titanium tó sì wúwo tó fáàfù tí ẹ yọ kúrò kì í ṣe titanium. Ẹ lo máíkírómítà láti wọn ọ̀pá fáàfù ní òkè, láàárín àti nísàlẹ̀.

Èyí tó dára jù ni kí ẹ gbé sípíríngì lọ sí ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n wọn agbára rẹ̀ ní gíga tí ìwé rẹ̀ sọ. Bí oníṣòwò bá kọ̀ kí ẹ ṣe èyí kí ẹ tó sanwó tán, ó ti dá yín lóhùn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ oníṣòwò Ládiípọ̀ ń ta ojúlówó, àwọn kan nínú wọn sì mọ ẹ̀yà ọkọ̀ ju ìwé lọ. Ẹ bá irú wọn dọ́rẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà ara páálí náà ṣe pàtàkì: ẹ fi í wé èyí tó wà nínú ìwé ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ má gbára lé àwòrán.

Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Bí ọkọ̀ yín kì í bá kọjá ààlà eré tí ilé iṣẹ́ fi sí i, tí kámúṣáàfù rẹ̀ sì jẹ́ ti àtilẹ̀bá, ẹ kò nílò ẹ̀yà eléré kankan. Sípíríngì ojúlówó tuntun, síìlì tuntun àti gáìdì tó péye á ṣe é lóore ju retainer titanium lọ. Tọ́bò díẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì tí eré rẹ̀ kò pọ̀ sí i lè béèrè fáàfù èéfín tó gba ooru àti sípíríngì tó le díẹ̀, kó tán síbẹ̀.

Bí eré ló bá máa pọ̀ sí i, ẹ kọ́kọ́ pinnu nọ́ńbà tí ẹ fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dé. Nọ́ńbà yẹn ló máa yan kámúṣáàfù, kámúṣáàfù ló máa yan sípíríngì, sípíríngì ló máa yan retainer àti kólẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kámúṣáàfù máa ń kọ nọ́ńbà sípíríngì tó bá a mu sínú ìwé rẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé e. Ẹ má ra sípíríngì lónìí nítorí pé ó pọ́ọ́kú, kí ẹ wá máa wá kámúṣáàfù tó máa bá a mu lọ́la.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá wà níkàlẹ̀, kí mẹkáníìkì tó dé tọ́ọ̀pù sílíńdà pa pátápátá, kó fi amọ̀ rírọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré sí orí písítìn, níbi tí fáàfù ti máa súnmọ́ ọn. Kó dé e, kó fi ọwọ́ yí kíráńkì ẹ̀ẹ̀mejì, kó ṣí i, kó sì fi ọ̀bẹ gé amọ̀ náà láti wọn ibi tó tín-ín-rín jù. Nǹkan bíi mílímítà 2 ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń fẹ́ kó ṣẹ́kù fún fáàfù àbáwọlé, 2.5 fún ti èéfín, nítorí ti èéfín ń gùn sí i bó bá gbóná, písítìn sì ń lé e bọ̀ lẹ́yìn bó ṣe ń pa. Bí mẹkáníìkì bá ní òun kò ráyè fún amọ̀, ẹ gbé ẹ́ńjìnnì yín lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ráyè.